ÈÉKÙ AṢỌ KÌ Í ṢE PÀǸTÍ



Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ gbé mì. Ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń kó èékù aṣọ jọ sẹ́yìn ilé, wọn a sì dáná sun ún. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá mú ẹyọ kan jáde ní géètì, olè ni wọn yóò pè é, wọn yóò sì fún un ní kúẹ́rì. À ń bèèrè: èéṣe tí ohun tó yẹ fún iná kò fi yẹ fún òṣìṣẹ́?

Púpọ̀ nínú aṣọ òde òní ni wọ́n fi pọliẹ́sítà hun, ọmọ ìyá ike sì ni pọliẹ́sítà. Àwa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni à ń fa èéfín rẹ̀ símú. Ọ̀gá ti fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ pa.

Àwọn ìyá wa mọ̀ pé àkísà la fi ń ṣe òṣùká, òṣùká ló sì ń gba orí lọ́wọ́ ẹrù. Jínsì tí orúnkún rẹ̀ ya, itan rẹ̀ ṣì gbó: bí télọ̀ bá rán an ní ìlọ́po méjì, ó di àpò irinṣẹ́ fún mẹkáníìkì. Tapólì ọkọ̀ ẹrù tó ya láàárín ṣì lágbára létí; òjò kò ní tètè wọ àpò tí a bá fi rán. Bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ tó ti kú pátápátá ni kí a fi ṣe okùn èjìká, nítorí wọ́n hun ún láti dá odidi ènìyàn dúró nígbà ìjàǹbá. Kí a rán ìdí okùn náà ní igun mẹ́rin, kí a sì fa ìlà méjì dábùú ara wọn láàárín rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àpò ti sábà ń já. Aṣọ tó ti mu epo tàbí kẹ́míkà nìkan ni kí a má ṣe fọwọ́ kàn.

Ẹ wo báàgì Ghana Must Go tí à ń fi owó wa rà. Ní January 1983, ìjọba Shagari lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde ní Nàìjíríà. Àwọn ará Ghana ló pọ̀ jù. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ wọn, àpò ike yẹn ni wọ́n sì fi kó ẹrù lọ. Títí di òní, okùn ọwọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ já. Aṣọ tó nípọn jù ú lọ sì ń jóná lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ wa!

Àwọn kan ń wí pé, “Ṣé àkísà ni ẹ fẹ́ kí a máa gbé kiri?” Aṣọ lórí aṣọ ni ẹ̀kú egúngún, ta ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Ohun tí à ń bèèrè nìyí. Ìkínní, kí wọ́n kó èékù aṣọ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí a óò fi hàn ní géètì. Ìkejì, kí wọ́n dẹ́kun sísun aṣọ. Ìkẹta, bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ kí a rán àpò fún òun, kí ó san ofataimù. Iṣẹ́ ni ìránṣọ, kì í ṣe àánú.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan dá gbé e lọ bá máníjà. Ẹ wá sí ìpàdé ẹ̀ka, kí a jọ fi ẹnu kan sọ ọ́. Ìṣọ̀kan ni agbára wa!