Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti Ìmọ̀ Iye Owó Ọjà

Bí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí bá wọ kíláàsì ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní yunifásítì, ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbà. Àwọn kan pè é ní ìmọ̀ àwọn aláìgbàgbọ́, wọ́n ń kà á kí wọ́n ṣáà lè yege ìdánwò. Àwọn yòókù gbé e mì láìjẹ, bí ẹni pé láti sánmà ni ìwé olùkọ́ ti sọ̀kalẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ló kù díẹ̀ káàtó.

Apá ìmọ̀ náà tí wọ́n ń pè ní microeconomics ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù lọ. Ó ń wádìí bí olùrà, òǹtajà àti ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ná ìwọ̀nba ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, àti ohun tí ń mú kí ọjà gbówó lórí tàbí kí ó dínwó. Èyí kì í ṣe àjèjì sí Ìsìláàmù. Oníṣòwò ni Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kí iṣẹ́ ìránṣẹ́ tó dé bá a.

Nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ̀dínà, àwọn ènìyàn bẹ Ànábì pé kí ó fi iye lé ọjà. Ó kọ̀. Ó fi yé wọn pé Ọlọ́hun ni ń pinnu iye, àti pé òun kò fẹ́ pàdé Rẹ̀ pẹ̀lú àbòsí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, ìbáà jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tàbí ti dúkìá. Síbẹ̀, Ànábì yìí kan náà ló kà á léèwọ̀ láti lọ pàdé àwọn tó ń gbé ẹrù bọ̀ lójú ọ̀nà, kí wọ́n tó mọ iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Òun náà ló ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ, tí ó kan ibi tí òjò ti rin, tí ó sì bi ọlọ́jà léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i.

Ní ọdún 1970, George Akerlof, ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ọjà ọkọ̀ àlòkù. Ó fi hàn pé bí òǹtajà bá mọ àléébù ọjà tí olùrà kò mọ̀ ọ́n, ojúlówó lè máa pòórá lọ́jà, kí òwò náà sì bàjẹ́. Ó wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí irú ìmọ̀ yìí ní 2001. Ẹni tó bá mọ ìtàn òkìtì oúnjẹ yẹn kò ní pẹ́ lóye rẹ̀.

Ibn Taymiyyah, tí ó kú ní 1328, ti la ọ̀rọ̀ iye owó yìí sí méjì. Bí ọjà bá wọ́n nítorí pé kò pọ̀, tàbí pé olùrà pọ̀, àbòsí ni kí aláṣẹ fi ipá dín in kù. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ni ín bá há a mọ́wọ́ nígbà tí àwọn ènìyàn nílò rẹ̀, aláṣẹ lè mú wọn tà á ní iye tó yẹ. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí máa fọ́nnu pé Mùsùlùmí ti mọ gbogbo rẹ̀ tán, ìfọ́nnu kì í dáhùn ìbéèrè ìdánwò.)

Kí Ràmàdánì ṣáà ti dé, kí ọsàn àti ṣúgà gbówó lórí, ẹ̀bi ọlọ́jà ni wọ́n máa ń kéde lórí mínbárì. Àìmọye ilé ló ń wá ọjà kan náà fún ìṣínu. Ìyẹn nìkan tó láti gbé iye rẹ̀ sókè. Ìyá tó ń ta ọsàn lè má jẹ̀bi ohunkóhun. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹgbẹ́ ọlọ́jà bá ti ń dí àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti ta tòmátò rẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí tí wọ́n ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá tà á ní pọ́ọ́kú, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Oníwáàsí tí kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò ṣe àbòsí sí ìyá ọlọ́sàn, yóò sì jẹ́ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ gan-an lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibì kan wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti fura. Nínú ìwé wọ̀nyí, ohun tí ènìyàn bá fẹ́, tí ó sì ní owó rẹ̀ lọ́wọ́, ni wọ́n ń kà. Kò sí ìyàtọ̀ láàrin ọtí àti búrẹ́dì. Àwọn onímọ̀ náà á ní àwọn ń ṣàlàyé lásán ni, àwọn kò dájọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ni ọmọ ọdún 18 máa ń gbọ́. Ebi tí kò ní owó lọ́wọ́ kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. Ẹni tí ebi yẹn ń pa ni Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé kọ́kọ́ dárúkọ nínú àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí.