Linux Ọ̀fẹ́ Ni, Ṣùgbọ́n Iná Kì Í Ṣe Ọ̀fẹ́

Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì, ilé ìtẹ̀wé kékeré àti ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ketu, Ikosi àti Mile 12 mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kì í fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́. Bí oníbàárà kò bá sí, ńṣe ló kàn máa ń wà ní títàn sílẹ̀. Agbára tó ń ṣòfò yìí ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń tọrọ. Wọ́n á gé ìṣirò ńlá sí wẹ́wẹ́, wọ́n á pín in fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oníkálukú á ṣe tirẹ̀, á sì dá èsì padà. Ẹnikẹ́ni kì í gbowó iṣẹ́ níbẹ̀, oore ni.

Oore náà kò jìnnà sí ọjà Mile 12. Ní ọdún 2019, World Community Grid, tí IBM dá sílẹ̀ ní 2004, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan pẹ̀lú Yunifásítì Delft ní Netherlands láti ṣírò bí òjò ṣe ń rọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó ń ta tòmátì àti ata tó ń ti òkè Ọya wá mọ ohun tí òjò ségesège máa ń fojú oníṣòwò rí.

Síbẹ̀, ẹni tó bá máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Orúkọ Kosofe gan-an, bí èèyàn bá sáré pè é, ó jọ “kò sí ọ̀fẹ́” létí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A dé ₦225 lórí yúníìtì kan. Bí iṣẹ́ yìí bá fi 50 watt kún ohun tí kọ̀ǹpútà kan ń jẹ, fún wákàtí 10 lójúmọ́, yúníìtì 15 ni lóṣù. Lórí iye yẹn, ₦3,375 nìyẹn. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ 6, ó di ₦20,250. Èyí kò kan epo jẹnẹrétọ̀ rárá.

Nítorí náà, ọgbọ́n ló yẹ kó ṣáájú. Láti October 14, 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn tó ń ṣe déédéé fún Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ló yẹ kó bọ́ sórí Linux. Debian tó ń lo Xfce, tàbí Xubuntu, fúyẹ́ dáadáa fún wọn. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ti gbó, kí wọ́n fi máa tẹ lẹ́tà ni. Bó bá ń ṣe ìṣirò, iná púpọ̀ ló máa jẹ, iṣẹ́ díẹ̀ ló máa ṣe. Èyí tó ṣì lágbára, pàápàá láptọ́ọ̀pù, ló yẹ fún oore.

BOINC ni ètò tó ń gba iṣẹ́ náà wálé, ó sì wà lára ohun tí Debian àti Ubuntu ń pèsè lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹni tó bá fi sí i má ṣe fi í sílẹ̀ bó ṣe bá a, torí lórí Linux, bí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà lòun náà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kó sọ fún un pé ìdajì agbára ni kó lò, kó dúró bí èèyàn bá ń lo kọ̀ǹpútà, kó sì máa wa dátà ní àkókò tó bá dínwó. Láptọ́ọ̀pù lè dá iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ tó bọ́ sórí bátìrì. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò mọ̀yàtọ̀ iná NEPA sí ti jẹnẹrétọ̀; ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ló máa dá a dúró.

Kí oníṣòwò fi ẹyọ kan péré bẹ̀rẹ̀. Kó wo mítà kó tó bẹ̀rẹ̀, kó tún wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí owó náà kò bá ju ohun tó lè fi tọrẹ láìkábàámọ̀ lọ, kó máa bá a lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, kó pa á. Ọmọṣẹ́ tó bá ti ibẹ̀ mọ Linux ti jèrè iṣẹ́ ọwọ́. Oore tó bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa, kì í ṣe oore mọ́.