Ẹ Kí Wọn Kí Ẹ Tó Ràn Wọ́n Lọ́wọ́

  Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò.

Púpọ̀ nínú wa ló ń wá ọ̀nà àtilọ ṣe iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni ní ilẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Bí a bá bi wá pé kí ni a fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, ìdáhùn wa kì í yàtọ̀: a fẹ́ lọ ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ lọ kọ́? Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ní èrò tèmi, ọ̀dọ́ tó lọ sìn ní ìlú onílùú yóò gba ẹ̀kọ́ ju iṣẹ́ tí yóò ṣe lọ. Olórí ẹ̀kọ́ náà ni pé ìkíni ni iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn gbè é lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1961, Ààrẹ John F. Kennedy ti Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ Peace Corps sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ wọn lè máa lọ sìn ní ilẹ̀ òkèèrè fún ọdún méjì. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ́kọ́ rán wọn wá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ní Ìbàdàn ni wọ́n kó àwọn kan sí, kí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó lọ máa ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn, Margery Michelmore, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, nígbà tí kò tíì pẹ́ tó dé, ó kọ káàdì pélébé kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé. Ó ní ìgbé ayé ibẹ̀ rẹ̀yìn kọjá ohun tí òun rò. Ó ní ojú títì ni àwọn ènìyàn ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀.

Káàdì náà kò dé ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ sí. Ó jábọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan he é, ẹ̀dà rẹ̀ sì kárí ọgbà. Ọdún kan péré ni òmìnira wa nígbà náà! Inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n ní kí ìjọba dá gbogbo wọn padà sílé. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dá ẹjọ́ yìí bó ti tọ́. Mi ò sọ pé òpùrọ́ ni. Gọ́tà tó rí wà níbẹ̀. Nínú káàdì kan náà ló tún ti sọ pé lẹ́yìn ìpayà àkọ́kọ́, òun ń rí èrè nínú ìrìnàjò náà. Ṣùgbọ́n àlejò ní ojú, kò fi ríran. Obìnrin tó ń dín àkàrà níwájú ilé ní ìdájí kì í ṣe aláìnílé. Ìsọ̀ rẹ̀ ni ojúde yẹn. Mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ka káàdì náà ni kò ní ìyá tàbí ìyá àgbà tó ń pàtẹ lẹ́bàá títì? Ohun tó ń kọ́ ọmọbìnrin yẹn lóminú ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ká ní ó ti jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, kí ó kí i pé ajé á wọgbá, kí ó sì bi í léèrè bí ọjà ṣe ń lọ, ì bá ti mọ ìtumọ̀ ohun tó ń wò kí ó tó mú bírò.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù dúró, wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa níwèé. Lónìí, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni Peace Corps fi ń kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní èdè àti ìṣe ibi tí wọ́n ń lọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí fi hàn pé wọ́n ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Àwa náà ń rán ènìyàn jáde. Ní ọdún 1987, Nàìjíríà dá Technical Aid Corps sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí, tó jẹ́ Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, ló gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ kalẹ̀. Dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ wa ń lọ sìn fún ọdún méjì ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn àti ní erékùṣù Caribbean. Ẹ̀gbọ́n kan tí àwọn òbí wa jọ ń tajà ní Jos lọ sí Gambia lábẹ́ ètò yìí. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí òun bá bi àwọn ìyá ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa ń dá òun lóhùn. Ó wá bẹ obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn náà pé kí ó kọ́ òun ní ìkíni Wolof: Nanga def? Ìdáhùn rẹ̀ ni Maa ngi fi rekk, èyí tó túmọ̀ sí pé mo kàn wà níbí ni. Nígbà tó ń kí wọn bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, ẹnu wọn là. Ìgbà náà ni ìyá kan tó sọ fún un pé oògùn tó fún ọmọ òun, ọmọ mẹ́ta ni òun pín in fún, nítorí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣàìsàn. Ẹ gbọ́ o! Ìwé tó kà kò lè sọ èyí fún un. Ìkíni ló sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n yìí tún bá àwọn kan pàdé ní Banjul tí wọ́n ń pè ní Aku. Yorùbá ni àwọn baba ńlá púpọ̀ nínú wọn, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Sàró, tí àwọn kan sì ti ibẹ̀ dé Gambia. Ìkíni wa ló di orúkọ wọn: ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún. Wọ́n gba ilé àti ọ̀nà lọ́wọ́ wọn, wọn kò rí ìkíni gbà lẹ́nu wọn. Ṣé àwa tí a ní irú ogún yìí ló yẹ kí a wọ ìlú onílùú bí ẹni wọ ilé tí kò lẹ́ni?

Nítorí náà, mi ò fara mọ́ àwọn ìrìnàjò ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń kun ilé-ìwé ní ọ̀dà, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé kò sí kunlékunlé ní ìlú náà ni? Fóònù sì ti wá burú ju káàdì Michelmore lọ: kò nílò kí ó jábọ́ kí ayé tó rí i.

Jos ni wọ́n bí èmi tí ń kọ èyí sí. Yarbawa ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀. Bí mo bá sì lọ ṣọdún ní Ògbómọ̀ṣọ́, ará Òkè Ọya ni mí. Mo mọ bó ṣe ń rí lára kí ẹlòmíràn máa sọ irú ẹni tí o jẹ́ láìbi ọ́. Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn mí pé àwọn kan nínú wa lo ọdún mẹ́rin ní Samaru yìí, kí Hausa wọn má ju "nawa ne?" lọ. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ra kosai, wọn kò kí ẹni tó dín in ní "sannu da aiki" rí. Ẹni tí kò kí oníkosai Samaru, báwo ni yóò ṣe kí ará Banjul?

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ibi yòówù kí ẹ máa lọ, ìbáà ṣe òkè òkun, ìbáà ṣe ibi tí ètò àgùnbánirọ̀ tó ti wà láti 1973 bá gbé yín lọ, ẹ kọ́ ìkíni ibẹ̀ kí ẹ tó di ẹrù. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ẹ tó fún wọn ní ohun tí ẹ gbé wá. Ohun tí ẹ kò bá lè kà sétí onílé, ẹ má kọ ọ́ sílé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ẹni tó lọ ṣèrànlọ́wọ́ náà nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn yóò sì kọ́ yín.