Ẹni Tó Ti Ṣe Àlejò Rí Kò Gbọdọ̀ Bú Àlejò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ní ọjà Arzeke ní Parakou, Bàrìbá ń tà, Dẹ́ńdì ń tà, Nàgó ń tà, Fọ̀n ń tà, obìnrin Fúlàní ń gbé wagasi wá. Síbẹ̀ a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa pé: “Fúlàní kò gbọ́n. Àlejò ló ba ìlú jẹ́.” Mo ní irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò tíì kúrò nílé rí ni.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ẹni tó ti sùn nílé onílé, tó ti fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ nítorí pé kò gbọ́ èdè, kì í yára bú àlejò.

Ṣé a ti gbàgbé ni? Ní ọdún 1958, wọ́n lé àwọn ará ilẹ̀ wa kúrò ní Abidjan. Dahomey ni orúkọ ilẹ̀ wa nígbà náà. Ní ọdún 1963, ilẹ̀ Niger lé wa. Ní ọdún 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àlejò: ará Ghana, ará Tógò, ará Bẹ̀nẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Kò tíì pé ọdún 14 tí Ghana lé ará Nàìjíríà tí Nàìjíríà fi lé ará Ghana. Nítorí náà, ìyà nìkan kì í kọ́ni lọ́gbọ́n. Ẹni tó bá ronú sí ìyà rẹ̀ ló ń rí ẹ̀kọ́ kọ́.

Ẹnì kan yóò ní: “Màlúù Fúlàní jẹ àgbàdo mi. Ṣé kí n dákẹ́ ni?” Rárá, ẹ má dákẹ́. Ẹ pe ẹni tó ni màlúù lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. Kí ó san owó oko yín. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló jẹ gbèsè náà, kì í ṣe gbogbo Fúlàní.

Ẹlòmíràn yóò ní: “N kò lówó ìrìn àjò.” Ará òkèèrè ti wá bá yín nílé! Ẹ jókòó ti obìnrin tó ń ta wagasi. Ẹ bi í léèrè ìdí tí àwọn ọkùnrin wọn fi ń da màlúù wá sí apá gúúsù nígbà ẹ̀rùn. Yóò sọ fún yín pé koríko gbẹ, omi gbẹ. Àgbẹ̀ tí òjò ti já kulẹ̀ rí yóò mọ ohun tó ń sọ.

Ìwé kíkà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìwé tí kò mọ aládùúgbò rẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ní èdè aládùúgbò yín. Ìkíni ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.