Ìyá Ìbejì Fẹ́ Lọ Yunifásítì: Ta Ni Yóò Sanwó?

Ìgbà téèyàn bá jí ni òwúrọ̀ ẹ̀. Ẹ wo Ìyá Ìbejì tó ń ránṣọ ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́. Ó yege WAEC, owó ò sí, ló bá kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ní báyìí, ó fẹ́ gba digirí. Ìyá ọkọ ẹ̀ wá bi í pé, "Ìyàwó wa, ṣé owó máṣíìnì lo fẹ́ẹ́ fi kàwé?"

Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó ń tajà kò lè jókòó sí kíláàsì láràárọ̀. Torí irú wọn ni yunifásítì Èkó ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ téèyàn lè ti ilé kọ́ lọ́dún 1974, tí ti Ìbàdàn náà sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1988. LAUTECH ti Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1990, náà ní tiẹ̀.

Èyí tó bani nínú jẹ́ ni ti National Open University. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1983, ìjọba ológun tì í pa ní April 1984, ó di 2002 kó tó tún ṣí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n tì í ti tó ẹni tó ń wá yunifásítì wọ̀!

Àǹfààní ibẹ̀ ni pé, lẹ́yìn àwọn owó tó pọn dandan, iye kọ́ọ̀sì téèyàn bá mú ló ń sanwó lé. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò tẹ́ mẹ́fà lè mú méjì. Ibẹ̀ ni èésú ti wúlò: kí wọ́n bá olórí èésú sọ ọ́, kí kíkó wọn bọ́ sí àsìkò ìforúkọsílẹ̀. Ẹ má fowó elélé kàwé o! Oṣooṣù ni èlé ń gorí èlé, digirí kì í sì í mówó wálé lóṣooṣù.

Ìjọba àpapọ̀ náà ní ẹ̀yáwó NELFUND, tó ṣí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní May 2024. Kò lélé, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ló wà fún, ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrúùlú sì ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ bóyá irú ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wà lára ẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n bá gbé pátákó yunifásítì kọ́ ni yunifásítì. Kí wọ́n tó san kọ́bọ̀, kí wọ́n wádìí lọ́dọ̀ NUC bóyá wọ́n fọwọ́ sí i.

Èsì ìyá ọkọ rèé: owó máṣíìnì kọ́, owó èésú ni, kọ́ọ̀sì méjì-méjì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.