Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a kò rò pé ẹni tí ó ti gbọ́njú ní ọdún 2014 lè gbàgbé ọ̀rọ̀ omi iyọ̀. Àrùn Ebola wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún náà, ẹ̀rù sì ba tọmọdé tàgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ní òru, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ilé dé ilé, pé kí olúkúlùkù dìde, kí ó fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí àrùn náà má baà mú un. Ìyá pe ọmọ, ọmọ pe ẹ̀gbọ́n, oníṣòwò pe oníbàárà. Irọ́ ni. Àwọn ìwé ìròyìn ròyìn pé ó kéré tán ènìyàn 2 kú nípa omi iyọ̀ náà, a sì gbé àwọn mìíràn lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn kan wí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí, pé èrò kì í ní ọgbọ́n. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àléébù náà kò sí nínú pípọ̀ wa. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà ti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì ni ó wà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ lára kòkòrò méjì.

Èkínní ni oyin. Bí oyin bá pọ̀ jù nínú ilé wọn, ìyá wọn àti ọmọ bí 10,000 a jáde, wọn a sì rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Àwọn amí díẹ̀ nínú wọn a fò lọ wá ihò igi tí wọn lè máa gbé. Amí tí ó bá rí ihò rere a padà wá jó ijó kan tí ń júwe ọ̀nà ibẹ̀. Bí ihò náà bá ti dára tó ni ijó náà ń pẹ́ tó. Martin Lindauer, ará Jámánì, kọ̀wé lórí èyí ní ọdún 1955. Thomas Seeley, ará Amẹ́ríkà, sì tọ ipa rẹ̀ dé ìdí. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé amí tí ó rí ijó ẹlòmíràn kì í bá a jó lójú kan náà. Yóò kọ́kọ́ fò lọ yẹ ihò náà wò tinú-tòde. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ni òun pẹ̀lú yóò padà wá jó. Nígbà tí amí bí 20 tàbí 30 bá pé sí ihò kan, ọ̀rọ̀ parí. Gbogbo wọn a gbéra. Ibi tí ó sàn jù ni wọn sì sábà máa ń yàn.

Èkejì ni àwọn èèrà kan ní gúúsù Amẹ́ríkà, tí ìṣe wọn dàbí ti ìjàlọ wa. Ojú wọn kò ríran tó. Òórùn ẹni iwájú ni wọn ń tẹ̀ lé. William Beebe kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1921 pé òun rí wọn ní ilẹ̀ Guyana, tí ẹni iwájú ti bọ́ sí ẹ̀yìn ẹni ìkẹyìn, tí wọn sì ń yípo, nínú òbìrí tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 1,200. Títí ọjọ́ méjì ni wọn ń yí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kú. Kò sí èyí tí ó ṣìnà lójú ara rẹ̀. Ẹnìkan ṣáà wà níwájú rẹ̀.

Ìwà èèrà ni a hù ní òru iyọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn kan láti ẹnu mẹ́wàá rò pé òun ní ẹlẹ́rìí mẹ́wàá. Kò mọ̀ pé ẹnu kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà kan náà, ìwà oyin wà láàrin wa. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn tí ó ti fara kan aláìsàn rí, bí ènìyàn 900, wọn sì tọ̀ wọ́n lọ sí ilé ní ìgbà bí 18,500 láti fi ojú ara wọn wò wọ́n. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi wá pé, bí iná bá ń jó ọjà, ṣé kí òun lọ wò ó kí òun tó sá ni? Rárá o. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú oyin náà kò rí ihò yẹn kí wọn tó gbéra. Ayé kò gbà kí olúkúlùkù fi ojú rí ohun gbogbo. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí yóò jó fún ará ìlú wò, kí ó ti dé ibẹ̀ ná.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidigidi. Báńkì tí ara rẹ̀ le a dá kú bí gbogbo ènìyàn bá sáré lọ gba owó wọn ní ọjọ́ kan; epo tí ó tó a sì wọ́n bí olúkúlùkù bá ra ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, bí ìròyìn bá dé ìsọ̀ yín, ẹ béèrè pé: Ta ni ó fi ojú rí i? Ẹni tí ń sọ ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti dé ibẹ̀? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú sí yín lọ́wọ́.