Gbohùngbohùn Wa àti Oorun Aládùúgbò



Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ariwo tí àwa Kristẹni ń pa lóru ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ń ni àwọn aládùúgbò wa lára, a sì ń pè é ní ìsìn.

Ẹ rántí ọdún 2025. Ìjà ilẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì tún bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹni tó ti gbọ́ ìró ìbọn lóru, bí ọmọdé bá yin bángà, àyà rẹ̀ a já. Bí ìlù àti igbe bá wá bú jáde lójijì láti inú gbohùngbohùn wa láago méjìlá òru, ṣé ẹ rò pé yóò kọ́kọ́ rántí Ẹ̀mí Mímọ́? Ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kó jọ.

Ojú ní ìpéǹpéjú, etí kò ní. Bí èèyàn tilẹ̀ sùn, ariwo òjijì a máa mú kí àyà rẹ̀ lù kìkì. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìlànà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù pé ariwo ìta lóru kò yẹ kó kọjá dẹ̀síbẹ̀lì 40, ìyẹn bí ibi ìkàwé tó parọ́rọ́. Ọdún yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe òfin lórí ariwo. Ní 2016, ìjọba Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Ṣé dìgbà tí wọ́n bá fi àgádágodo kọ́ ilẹ̀kùn wa ni a ó tó gbọ́n?

Ẹ wo Sọ́ọ̀lù. Nínú 1 Sámúẹ́lì 16:23, Dáfídì ta dùùrù, ara ọba sì balẹ̀. Ní orí 18, àwọn obìnrin kọrin tó gbé Dáfídì ga ju ọba lọ. Ní ọjọ́ kejì Sọ́ọ̀lù ju ọ̀kọ̀, bẹ́ẹ̀ dùùrù ń dún níwájú rẹ̀ o! Orin kan tó dun ọkàn ti borí dùùrù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi gbohùngbohùn pàṣẹ pé kí ọ̀tá kú, ta ni ọmọ ìlú kejì tó ń gbé lẹ́yìn ògiri yín yóò rò pé ẹ ń bá wí? Ní ibi tí a ti ń sin òkú ìjà, àdúrà bẹ́ẹ̀ kì í dún bí àdúrà.

Ẹlòmíràn á ní, “Jẹ́ríkò ńkọ́? Ṣebí igbe ló wó o.” Ẹ ka Jóṣúà 6:10. Ó ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́ títí di ọjọ́ tí òun yóò pàṣẹ. Àti pé, ará mi, Ìlobùú kì í ṣe Jẹ́ríkò, Ìfọ́n kì í ṣe Jẹ́ríkò. Ẹlòmíràn á ní mọ́ṣáláṣí àti ilé ọtí náà ń pariwo. Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ni yóò kọ́kọ́ dín tirẹ̀ kù, bí kì í bá ṣe àwa tí a ń wàásù ìfẹ́ ọmọnìkejì? Òwe 27:14 ní ìre tí a bá fi ohùn rara sú fún ọ̀rẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù, èpè ni yóò kà á sí.

Ẹ gbé gbohùngbohùn ìta wọlé. Bó bá di aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ yí i sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí orin tó ń bú ìlú kejì dún nínú ilé yín. Orin ìyìn jẹ́jẹ́ ni kí ọmọ fi sùn. Ọlọ́run Ámósì 5 kọ ariwo orin, ó ní òun fẹ́ òdodo tó ń ṣàn bí odò.

Kí aládùúgbò wa rí oorun sùn, òdodo ni ìyẹn náà. Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́. Àmín.